Ẹ Bá Wa Ṣí Gbọ̀ngàn Náà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága àti Ìgbìmọ̀ CDA Àdúgbò Wa

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ jẹ́ ìgbìmọ̀ CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa nílùú Abẹ́òkúta,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà wa. Èmi aláró tí ìkòkò rẹ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni mo ń kọ̀wé yìí. Ẹ mọ̀ mí, mo mọ̀ yín. N kò ní dárúkọ àdúgbò, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí n kò wá tú àṣírí ẹnì kan. Ìdí tí mo fi gbé e síta gbangba ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá sí ìpàdé, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lẹ ní kí n jókòó, pé ọ̀rọ̀ mi kò sí nínú ohun tí ìpàdé òní dá lé. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, fún ẹni tí kò bá gbọ́. Láti ọdún 2022 ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń pàdé ní gbọ̀ngàn CDA ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Wọ́n ń ṣe àdìrẹ, wọ́n ń kọ ewì, wọ́n ń lùlù, àwọn kan ń ṣe eré, àwọn mìíràn kàn wá jókòó ni. Ní Sátidé kejì oṣù tó kọjá, a débẹ̀, a bá àgádágodo tuntun lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: Sátidé ti di ọjọ́ ìnáwó, kí àwọn ọmọ lọ wá ibòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé sí wa. Nígbà tí mo bi ẹnì kan nínú yín léèrè, ẹ̀rín ló rín, ó ní: “Ìyá Aláró, ẹ kó àwọn wèrè yẹn lọ sí Àrò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn.”

Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà nílùú wa níbí ni Àrò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé oorun kúrò lójú mi. Ti àgádágodo, ǹ bá tún máa bá a rọra.

1. Ta ló ni gbọ̀ngàn?

Èyí kò gùn, ẹ jẹ́ kí n mú un kúrò nílẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù dáwó, àwa ayálégbé náà dáwó. Ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ tí ẹ lé síta yìí ló ru yanrìn, tó fa omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Rìsíìtì owó tèmi wà nínú àpótí mi títí dòní. Ohun tí akápò ìgbà náà kọ sí i ni “fún gbọ̀ngàn ará àdúgbò”. Kò kọ “fún àwọn tó bá lè háyà rẹ̀”.

2. Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò wọlé wò ó rí. Ẹ kàn ń gbọ́ ìlù láti ìta ni.

Ẹ rántí ọdún 2022, tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn ọmọ yunifásítì kún ilé. Wọ́n ń sùn títí oòrùn á fi kan àtàrí, wọ́n ń tẹ fóònù di òru, wọ́n ń wo ẹgbẹ́ wọn tó ti já pa lọ sí Kánádà, tàbí èyí tó ń ṣe Yàhúù tó ti ra mọ́tò. Bàbá á jí, á ní, “Kí lo ti ṣe láyé rẹ?” Ní àkókò yẹn ni nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn tó ti tọ́jú aláìsàn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wá bá mi ní ìdí ìkòkò. Ó ní kí n jẹ́ ká kó àwọn ọmọ jọ. Kí n má purọ́, ẹni tí yóò bá mi di aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni èmi ń wá ní tèmi. Iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ kò tó.

Àṣé ìyá nọ́ọ̀sì mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ bi ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún pé kí ló ń ṣe é, á ní, “Kò sí nǹkan, mà.” Ẹ wá gbé aṣọ àti ìko lé e lọ́wọ́, ẹ jókòó tì í lórí ẹní, ẹ má wojú rẹ̀, kí ẹ̀yin náà máa di tiyín. Kó tó di okòó ojú ìdì, ọ̀rọ̀ á ti máa jáde. Ohun tí ojú ń tì í láti sọ lójúkojú, á sọ ọ́ fún aṣọ, ẹ̀yin á sì gbọ́. Bí ewì náà ṣe rí nìyẹn. Ọmọ tí kò lè sọ pé “ẹ̀rù ń bà mí” á kọ ewì nípa òkúta tó wà lábẹ́ omi, gbogbo wa á sì mọ òkúta tó ń wí.

Òfin mẹ́rin ló wà lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kì í jáde kúrò níbẹ̀. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Wọn kì í gbani nímọ̀ràn àfi tí onítọ̀hún bá béèrè (èyí ló nira jù fún èmi). Ẹ̀kẹrin: ẹni tó bá sọ pé ayé sú òun, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, onítọ̀hún kò sì gbọdọ̀ dá nìkan lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti yí ohun tó lè jẹ́ kí ẹ dá a mọ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣe JAMB. Kò bá wọn jẹun nílé mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, fún bí oṣù méjì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ láfún tí à ń fi kọ àdìrẹ nìkan ló máa ń bá mi rò. Mo ní kó jókòó, ó ní òun fẹ́ràn ìdúró. Nígbà tó yá, ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó ti í bọ ẹ̀kọ, ó ya ilé kan sára aṣọ. Ilé náà dára, ó ní òrùlé, ó ní fèrèsé kékeré kan. Mo ní, “Ọkọ mi, ilẹ̀kùn ńkọ́?” Ó ní, “Ìyá, kò sí.” Bó ṣe sọ ọ́ ni mo fi mọ̀ pé kò gbàgbé ilẹ̀kùn. Mo ké sí nọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nọ́ọ̀sì bá òun àti ìyá rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ó ń lo oògùn, ó ń bá dókítà sọ̀rọ̀, ó sì ń wá ní Sátidé, títí ẹ fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: aró kò wo ìsoríkọ́ sàn. N kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹni tó nílò dókítà, dókítà ló nílò. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá mọ̀ pé ọmọ yẹn nílò rẹ̀? Àwa tí à ń pa aró mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú nínú ìkòkò. Tí ẹ bá kọ́kọ́ yọ ọ́, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án lójú yín báyìí ló tó ń di aró. Ohun tó wà nínú ìkòkò kò ní àwọ̀ tí èèyàn lè dárúkọ, àfi kó bọ́ síta.

3. Ẹ̀yin tí ẹ fi Àrò bú ọmọ ọlọ́mọ

Ọmọ Abẹ́òkúta ni wá. Àwa kọ́ ló yẹ kó máa fi Àrò ṣe èébú.

Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú yìí ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1923, Baptist Boys’ High School níbí ló lọ, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wálé wá ṣiṣẹ́ ní Àrò. Láyé ìgbà náà, ibi ìtìmọ́lé ni ilé wèrè ń jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi: ògiri gíga, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àti ẹbí tí kò ní padà wá mọ́. Láti 1954, Lambo gba ọ̀nà mìíràn. Ó bá àwọn àgbẹ̀ tó wà ní abúlé ìtòsí ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé wọn. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á tún padà sí abúlé láàárín èèyàn, níbi tí adìyẹ ti ń ké, tí ọmọdé ti ń ṣeré. Kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, ó pè wọ́n mọ́ra, wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ káàkiri Áfíríkà àti òkè òkun wá péjọ sí Abẹ́òkúta níbí fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Nígbà tó yá, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ohun tí ọkùnrin yẹn fi han ayé kò ju èyí lọ: àárín èèyàn ni ọkàn ti ń balẹ̀. Ohun tí à ń ṣe lórí ẹní ní Sátidé kò sì ju èyí lọ. Tí ẹ bá wá ní ká kó àwọn ọmọ lọ sí Àrò, ṣé ẹ mọ̀ pé Àrò fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé ká má kó èèyàn kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀?

Lísàbí náà ńkọ́? À ń ki ara wa ní ọmọ Lísàbí níbi gbogbo ìnáwó tí ẹ fẹ́ máa gba owó rẹ̀ yìí. Kó tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, àwọn aṣojú ọba Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ àáró ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Oko tìrẹ lónìí, oko tèmi lọ́la. Àwọn tó jọ ń kọ ebè ló wá mọ ohun tó ń dun ara wọn. Àáró, aró, Àrò: n kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ló fi àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí jìn wá, ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo mọ̀ nìyí, ẹ sì fi àgádágodo kan ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa.

4. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ ẹnì kan

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 10 sí 19, ọ̀kan ní àìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ẹ jókòó síwájú ilé yín nírọ̀lẹ́, ẹ ka àwọn ọmọ tó ń kọjá. Tí ẹ bá ti ka méje, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Àjọ yìí kan náà ní ìpara-ẹni ni ohun kẹta tó pa àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29 jù láyé ní 2021. Ní 2019, wọ́n gbé ìwádìí tó lé ní 3,000 yẹ̀ wò lórí ohun tí orin, ijó, àwòrán, ìtàn àti iṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe fún ìlera, wọ́n sì rí i pé wọ́n ń ṣèrànwọ́, láti dènà àìlera àti láti ran ẹni tó ti ní i lọ́wọ́. Nìjíríà náà ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Abùjá ti fi ọ̀rọ̀ “wèrè” sílẹ̀ nínú òfin. Àdúgbò wa ló kù.

Ẹ sì jọ̀ọ́, òwe kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ má pa níwájú ọmọ mọ́: “ikú yá ju ẹ̀sín.” Mo mọ ohun tí àwọn bàbá wa ní lọ́kàn. Ọmọ tó kùnà ìdánwò, tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ohun tó gbọ́ ló gbọ́.

5. Ẹ̀sùn tí ẹ fi kàn wá

Ẹ ní wọ́n ń pariwo. Òótọ́ ni, ìlù kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí DJ bá gbé sípíkà mẹ́rin síta fún ìnáwó títí di aago méjì òru, ta ló ń bá a wí? Ẹ tún rántí pé orin ni àwọn ìyá ìyá wa kọ lọ sí ààfin Aké ní 1947, lẹ́yìn Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, nítorí owó orí. Wọ́n pe ìyẹn náà ní ariwo.

Ẹ ní wọ́n ń fa igbó lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Èyí, n kò ní jiyàn. Àwọn ọmọkùnrin méjì fà á, èmi gan-an ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀. A kò lé wọn. Nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀, a sọ fún wọn pé tí wọ́n bá tún fà á níbẹ̀, wọn ò ní wọlé lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ṣì ń wá. Ìkejì lọ, n kò sì mọ ibi tó wà báyìí, ìyẹn sì ń dùn mí. Tí ẹ bá fẹ́ bá mi wí lórí ẹni tó lọ yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé títì tí ẹ ti gbọ̀ngàn ló máa gba igbó lọ́wọ́ ẹni tó kù?

Ẹ ní ọkùnrin àti obìnrin ń jókòó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, níṣojú èmi àti nọ́ọ̀sì, ní ọ̀sán gangan, tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Nígbà tí kò sí gbọ̀ngàn, ibo lẹ rò pé wọ́n ń jókòó sí?

Ẹ ní àdúrà ló kù. Pásítọ̀ kan àti Àfáà kan wà nínú ìgbìmọ̀ yín, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọmọ wọn wà lórí ẹní wa. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

6. “Kí wọ́n lọ wá ibòmíràn”

Ibo? Owó ọ̀kadà láti ọ̀dọ̀ wa dé Kútọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí jẹ lóòjọ́. Ẹ ò sì ní sọ pé kí ọmọ ogún náírà lọ háyà June 12 Cultural Centre tó wà ní Kútọ̀. Ibẹ̀ ni Àjọyọ̀ Ìwé àti Iṣẹ́ Ọnà Aké ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Ní 2018 ó kó lọ sí Èkó, ó ṣì ń jẹ́ Aké níbẹ̀. Ohun ńlá tó bá bọ́ lọ́wọ́ wa, mo lè ní agbára wa kò ká a ni. Èyí tó wà ní àdúgbò wa, tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ọwọ́ wa la fi ń tì í síta.

Ní ti owó, mo ti bá yín ṣírò rẹ̀. Ẹ ní ₦50,000 ni ìnáwó kan. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbọ̀ngàn, Sátidé mẹ́fà ti kọjá, ìnáwó kan ṣoṣo ló wáyé níbẹ̀. Sátidé márùn-ún yòókù, gbọ̀ngàn wà ní títì, kò sí owó, kò sí ọmọ. Mo ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, n kò ní láti bi ẹnikẹ́ni.

Ohun tí à ń béèrè

Ká gbọ́ ara wa yé, kí oṣù yìí tó parí:

Ẹ dá ọ̀sán Sátidé padà fún àwọn ọmọ, láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ìnáwó, ẹ sọ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a ó gbé ẹní wa lọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà, a ò ní bínú.

Ẹ fi ọ̀dọ́ méjì sínú ìgbìmọ̀, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Wọ́n ń dáwó omi, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò lóru, wọ́n ti dàgbà tó láti jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ bá wa kọ̀wé pẹ̀lú òǹtẹ̀ CDA sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa rán òṣìṣẹ́ kan sí wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyá nọ́ọ̀sì ti dàgbà, ẹnì kan ṣoṣo sì ni. Lẹ́tà aláró kò lè ṣe ohun tí òǹtẹ̀ yín lè ṣe.

Kí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ Àrò yẹn wá jókòó lórí ẹní ní Sátidé kan. N kò ní kó bẹ ẹnikẹ́ni. Kó wá di aṣọ kan péré, kó gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń sọ nígbà tí ọwọ́ wọn bá dí. Èmi ni yóò fún un ní aṣọ.

Ọ̀kan kù tí kò lè dúró de ìpàdé. Aṣọ mẹ́tàdínlógún wà nínú gbọ̀ngàn tí ẹ tì, tí àwọn ọmọ ti fi ẹ̀kọ kọ iṣẹ́ sí lára, tí a kò tíì rì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú ilé tí kò sí afẹ́fẹ́, tí òrùlé rẹ̀ sì ń jò: ẹ̀kọ náà yóò ti máa bu, tó bá sì bu tán, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Aṣọ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn wà nínú wọn. Ọmọ tó ni ín ní òun fẹ́ fi ohun kan kún un kó tó wọ ìkòkò, n kò sì bi í pé kí ni. Mo ti po aró sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá bá wa ṣí i lọ́la, bó bá ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ká kó wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Aláró ẹ̀yìn gbọ̀ngàn